Kánfọ̀ Inú Àpótí àti Fìlà Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í wọn ẹrù lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀,

Ọmọ yín ló ń kọ̀wé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò sì ra sítáǹbù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ń lọ tó ń bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yin nìkan ló sì tọ́ sí. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í là níwájú ènìyàn. Ìwé ò lójú tí yóò fi máa wò mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Kíláàsì márùn-ún tí mo kà ni mo ń ná báyìí o. Bí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Oṣù kẹwàá rèé tí mo wọlé. Ràfíù lorúkọ rẹ̀. Tírélà ló ń wà, láti wáàfù Àpápá lọ sí òkè Ọya lọ́hùn-ún, ìgbà mìíràn ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé. Bó bá dé, á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé kó tó wọ yàrá, kí epo ọkọ̀ má bàa ràn mọ́ ibùsùn. Ẹ̀yin náà máa ń gbọn eruku àpò dànù lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Mo rò pé nítorí ìyẹn ni mo ṣe gbà fún un. Mi ò tíì sọ fún un.

Yàrá kan la ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, nínú ọgbà oníyàrá mẹ́wàá. Bí ẹ bá dé báyìí, ẹ ò ní mọ ìlú mọ́. Ọkọ̀ ti kúrò lápá òsì, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Ràfíù ní lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ṣe lòun ń bá ọwọ́ ara òun jà lórí ìtọ́kọ̀. Ṣílè náà ti lọ, náírà ló kù. Kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀níní tó nihò láàárín yẹn mọ́, àwọn ọmọdé ló ń fi í ṣeré. Èmi so ogún nínú rẹ̀ mọ́ okùn kan, mo tọ́jú rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ohun tí mo ń fi í ṣe.

Àpótí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo ń wọlé ọkọ, ìyá Ràfíù fún mi ní àpótí páànù aláwọ̀ ewé kan. Màmá là ń pè wọ́n. Ìjọrà Badia ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ojú irin, wọ́n ń ta igi ìdáná. Obìnrin tó le ni, kì í ṣe ìkà. Wọ́n kó àdìrẹ mẹ́rin sínú àpótí náà, wọ́n fi aṣọ òkè tí ìyá tiwọn fi wọlé ọkọ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka kánfọ̀ méjìlá síwájú mi, ó funfun, ó rí róbótó bí ẹyin alángbá, wọ́n há a sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n ní tàwọn máa ń pẹ́ láti Iléyá dé Iléyá. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi ohun kan tèmi sí i, lábẹ́ gbogbo rẹ̀: fìlà yín. Fìlà kákí yẹn tí ẹ máa ń dé lọ ibi iṣẹ́ ìwọ̀n ẹrù, tí etí rẹ̀ kan ti já. Inú àpò ọwọ́ ni mo gbé e sí láti ilé wa, mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí. Ìyàwó wo ló ń gbé fìlà bàbá tó ti kú wọlé ọkọ?

Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí àpótí náà. Lọ́sàn-án, tí Ràfíù bá ti wà lójú ọ̀nà jíjìn, tí àwọn obìnrin ọgbà bá ti lọ sọ́jà, màá gbé omi kaná, màá ṣí ìdérí, màá ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, màá sì fa fìlà yín yọ. Màá gbé e sí imú. Òógùn yín wà níbẹ̀, eruku àpò wà níbẹ̀, aáṣáà yín náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Àpótí á wà ní ṣíṣí títí omi á fi hó. Bí mo bá ti gbọ́ tí omi ń pariwo, màá dá a padà, màá pa àpótí dé, màá lọ ro ẹ̀bà. Báyìí ni mo ṣe fún oṣù méje.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Màmá dé lẹ́yìn ìrun. Wọ́n fẹ́ mú aṣọ òkè náà, ọmọ àbúrò wọn fẹ́ ṣe nǹkan. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Ọwọ́ wọn dúró.

"Ìyàwó, kánfọ̀ mi dà?"

Mo yọjú wò ó. Nínú méjìlá, mẹ́rin ló kù, mẹ́rin náà ò sì ju ẹ̀wà lọ.

"Màmá, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀? Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni? Ṣé ó wọ ọkọ̀ lọ Ìbàdàn ni?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá wo ikùn mi. Bàbá, wíwò yẹn ló dun mí ju ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, wọ́n ti rẹ ohùn wọn sílẹ̀, kí ará ilé má bàa gbọ́.

"Oṣù keje rèé tí o wọlé, ikùn rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pátákó. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe. Wọ́n á máa jẹ kánfọ̀ kí oyún má bàa dúró. Bí o ò bá fẹ́ bímọ fún ọmọ mi, sọ ọ́ lójú mi, kí o máa lọ bá ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú. Mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n Ràfíù á dé, a á sì jókòó lé e."

Wọ́n ká aṣọ òkè wọn, wọ́n lọ. Wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn.

Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní tí mo lè fi gba ara mi, pé mò ń ṣí àpótí náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà náà pé òun lọ̀rọ̀. Mo kàn rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀ fìlà yín, wọ́n á ní mo gbé òkú wá fi ba ilé jẹ́. Mo bá pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Ẹbi wọlé wá. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni, yàrá tirẹ̀ ló kángun sí tiwa, ẹja ló máa ń lọ kó ní Marine Beach wá tà. Ògiri wa ò nípọn.

"My pikin, na who chop the camphor?"

"Kì í ṣe èmi o, Màmá Ẹbi."

"I know say no be you. Person wey chop that thing, na hospital dem go find am. Na poison. Abi na rat?"

Kò mọ̀ pé ohun tí òun sọ yẹn ló la iyè mi. Mo rántí yín. Mo rántí ìgbà tí wọ́n jí adìẹ Ìyá Onírẹsì ládùúgbò wa, tí gbogbo ènìyàn ti mọ olè kí wọ́n tó wò yíká. Ẹ̀yin ní ká kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó lè gbé adìẹ, ká wá máa mú wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní ohun tí a rò kì í ṣe ẹ̀rí, nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni ká bi. Ẹ sì ní bí a bá ń bi í, ohun kan ṣoṣo ni ká máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, torí bí a bá yí méjì padà, a ò ní mọ èyí tó dáhùn.

Mo ka ohun tó lè dín kánfọ̀ kù. Ènìyàn. Eku. Aáyán. Ẹ̀kẹrin ṣe mí bí ẹ̀rín: bóyá ó ń lọ fúnra rẹ̀.

Mo lọ ra kánfọ̀ mẹ́rin ní ọjà Boundary. Mo gbé ọ̀kan lé àwo lórí àga, mo ku eérú yí i ká gbogbo àga náà, ó tẹ́ lúúlúú. Bí eku bá gun ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Kí n tó gbé e síbẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ìgò kẹrosíìnì kan tó ti gbẹ, kò lè wọlé. Ìgò yẹn ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sí ẹsẹ̀ eku nínú eérú, kò sí ti aáyán. Mo tún gbé kánfọ̀ náà sẹ́nu ìgò yẹn. Ó yọ̀ wọlé, ó dún kó nísàlẹ̀.

Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Mo fọwọ́ kan àwo. Ó gbẹ. Yìnyín tí Màmá Ẹbi fi ń tọ́jú ẹja, bó bá ń lọ, á kọ́kọ́ di omi sínú báàfù, ká tó dà á nù. Kánfọ̀ ò di omi rárá. Láti líle, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lọ́gán, bí ẹni fo àtẹ̀gùn kan lórí àkàbà. Ibo ló wà nígbà náà? Mo fa imú. Yàrá ń rùn fún kánfọ̀. Ó wà nínú yàrá, ó kàn fọ́n ká ni.

Mo rántí kíláàsì kẹrin, ọjọ́ tí tíṣà wa fi bébà gbígbẹ sí ìdí ife, tó da ojú ife náà bolẹ̀ sínú korobá omi, tó fà á yọ, tí bébà náà ò tutù. Ó ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú ife tí kò jẹ́ kí omi wọlé, pé ohun tí a kò rí náà máa ń gba àyè. Ó pè mí kí n wá ṣe é níwájú kíláàsì, ojú tì mí, mi ò dìde. Nígbà tí mo sọ fún yín nírọ̀lẹ́, ẹ gbé ife tíì yín fún mi, ẹ gbé korobá, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé, ẹ ní kí n kọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ ní kí n ṣe é. Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, àbí èmi lẹ ń ṣe é fún?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sára rúlà onígi mi, ẹ ki okùn bọ ihò àárín láti máa gbé e kọ́, ẹ so ọmọrí agolo méjì mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ ní kí n ní òṣùwọ̀n tèmi. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀níní onihò yẹn ni mo ń fi wọn nǹkan.

Àmọ́ ẹ̀rí tí mo ṣe nínú yàrá mi, ta ló máa gbà á? Èmi tí wọ́n fura sí náà ni mo ni yàrá, èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí mo bá tún ṣe gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Ràfíù dé. Màmá náà dé. A jókòó, Màmá Ẹbi sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ ẹja, wọ́n ò lè lé e, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ náà ni. Màmá sọ tiwọn tán. Ràfíù wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà bá mi gbé nǹkan méjì lọ sí Badia."

Mo gbé rúlà yín jáde. Mo fi kánfọ̀ tuntun kan sápá ọ̀tún, mo fi ọ̀kan sápá òsì. Ọ̀kan tẹ̀wọ̀n díẹ̀, mo fi èékánná fá a títí rúlà fi dúró gbọọrọ. Mo ní kí Màmá fi ojú ara wọn wò ó. Mo gbé ọ̀kan sínú ìgò ìpara onídérí, mo yọ́ àbẹ́là sí i lẹ́nu yíká. Màmá fi òrùka ọwọ́ wọn tẹ àbẹ́là náà kó tó gbẹ, wọ́n ní kí èmi má bàa yọ́ nǹkan mìíràn sí i. Inú mi dùn sí i, torí ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe gan-an nìyẹn. Ìkejì, mo gbé e lé àwo, láìdé.

"Ẹ gbé méjèèjì sórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, Màmá, ní ibì kan náà. Ẹ ti yàrá yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí Jímọ́ọ̀ mẹ́rin bá kọjá, ẹ gbé wọn wá."

Ràfíù rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti di tíṣà."

"Dákẹ́," Màmá ní. "Bí ti orí àwo bá pé, kí ló ń lọ?"

"Èmi ni, Màmá. Màá lọ sí Ìjẹ̀bú."

Bàbá, mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ìyẹn.

Jímọ́ọ̀ mẹ́rin yẹn gùn. Ràfíù lọ, ó dé, ó tún lọ. Ní ìgbà kan tó dé, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bí ó bá dá mi lójú, kí ni mo ń wọ̀n fún?

Ní Jímọ́ọ̀ kẹrin, Màmá gbé nǹkan méjèèjì wá nínú abọ́, wọ́n fi ìborùn bò ó. Àmì òrùka wọn ṣì wà lára àbẹ́là bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fúnra wọn fọ́ ọ. Mo gbé kánfọ̀ inú ìgò sápá òsì, mo gbé ti orí àwo sápá ọ̀tún. Mo tú rúlà sílẹ̀.

Apá ọ̀tún gòkè fíìì.

Mo mú ọ̀níní kan, mo fi lé apá ọ̀tún, rúlà sọ̀kalẹ̀, ó sì dọ́gba. Mo sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, mo yí wọn padà, èyí tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sósì, mo tún wọn ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní rúlà ló wọ́. Bákan náà ló rí.

"Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn," Màmá ní, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Etí aṣọ mi ló wà."

Màmá Ẹbi ju ẹja sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ah! Mama! So na you chop am!"

Ràfíù yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà létí ẹnu wọn. Mo rò pé ó ti parí. Kò tíì parí, torí orí Màmá pé.

"Ó dáa. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tèmi ń pẹ́ láti Iléyá dé Iléyá. Àpótí bákan náà, ọwọ́ alátẹ kan náà la ti rà á. Kí ló dé tí tìẹ fi yára?"

Bàbá, ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Mo ronú sí i bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àpótí kan náà. Kánfọ̀ kan náà. Ooru kan náà. Kí ni ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀? Mo rí i. Ìgò tó ní ìdérí ló pa kánfọ̀ mọ́. Àpótí tí a ń ṣí, àwo ni.

"Mo máa ń ṣí i, Màmá."

"Ìgbà mélòó?"

"Lójoojúmọ́. Mo máa ń ṣí i sílẹ̀ títí omi á fi hó."

"Kí lo ń wá níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

Mo dìde, mo lọ sídìí àpótí, mo mú fìlà yín wá. Mo gbé e lé ọwọ́ wọn.

"Ti ta ni?"

"Ti bàbá mi ni, Màmá. Òórùn wọn ni mo máa ń gbọ́."

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé fìlà náà wò, bí ẹni ń wọn ọ́n, wọ́n wá gbé e sí imú.

"Ọmọ yìí," wọ́n ní, "ṣé bàbá rẹ ló wá ń jẹ kánfọ̀ mi látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín pa wá, gbogbo wa. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, Màmá fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n ní èéfín Màmá Ẹbi ni. Màmá Ẹbi ò dá iná.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé agolo bisikíìtì ńlá kan wá tí ìdérí rẹ̀ le. Wọ́n ní kánfọ̀ á bo òórùn fìlà yín mọ́lẹ̀ bó bá ń bá a gbé, kí n fún bàbá mi ní ilé tirẹ̀. Wọ́n mu omi tí mo gbé fún wọn, wọ́n mu gbogbo rẹ̀ tán.

Ọmọ ò tíì dé o, Bàbá. Rúlà ò lè bá mi wọn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Màmá ò wo ikùn mi mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti sọ fún Ràfíù pé tírélà tí ń lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà náà lẹ́jọ́ tirẹ̀.

Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu nípa òórùn. Bó bá jẹ́ pé kánfọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wọ imú wa tí a fi ń gbọ́ ọ, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni fìlà yín? Ṣé gbogbo ọjọ́ tí mo ṣí àpótí ni mo mú díẹ̀ lára yín, títí ó fi fẹ́ tán? Ṣé ó dùn yín, àbí ohun tí ẹ fẹ́ náà nìyẹn?

Ó yá, ibi tí mo ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti dé yìí. Ọ̀rọ̀ èkùrọ́ yẹn ni.

Ẹ rántí pé ìgbà òjò lẹ wọn àwọn àpò èkùrọ́ yẹn wọlé, ní ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ ti ń ṣe oníwọ̀n ní Àpápá. Ọkọ̀ òkun ò tètè dé. Ọyẹ́ jà kó tó dé. Nígbà tí wọ́n tún wọn àwọn àpò náà láti kó wọn lọ, wọ́n fúyẹ́. Àpò pé, ìwọ̀n ò pé. Wọ́n ní ẹ ti tú àpò, ẹ ti tà nínú rẹ̀. Ẹ ní omi ló lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé omi ni wọ́n gbà yín láti máa ṣọ́. Wọ́n dá yín dúró, mo sì kúrò ní kíláàsì karùn-ún. Ẹ kò bá wọn jà. Ẹ wá sílé, ẹ gbọn eruku yín dànù lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ rèé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ lọ pọnmi, mo ṣí àpótí yín. Mo tú gbogbo aṣọ yín wò, mò ń wá owó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti pè mí lọ́mọ olè, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Fìlà yín nìkan ni mo bá, àti bébà ìwọ̀n tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n pé mi ò rí nǹkan kan ò mú un kúrò lọ́kàn mi. Mo rò pé ẹ ti fi pamọ́ síbòmíràn ni. Títí ẹ fi kú, díẹ̀ lára mi ò gbà yín gbọ́. Nígbà tí Màmá ń tú àpótí mi, tí wọ́n ń wo ikùn mi, mo mọ ojú yẹn. Ojú mi ni.

Ṣé ẹ rí i lójú mi nígbà yẹn? Ṣé ìyẹn ni ẹ ṣe dẹ́kun àtimáa gbé mi sókè lẹ́nu ọ̀nà láti fojú díwọ̀n mi, àbí mo ti dàgbà jù ni?

Lóṣù tó kọjá, òjò ṣì ń rọ̀, mo lọ bá obìnrin kan tó ń pa èkùrọ́ ní Badia, mo ra ogún èkùrọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó rán mi, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè. Mo wọn ọ́n lórí rúlà yín: ọ̀níní méjìlá. Mo tún un wọ̀n: méjìlá. Mo tẹ́ ẹ sínú abọ́, mo fi asẹ́ bò ó kí eku má bàa dé ibẹ̀, mo gbé e sí ibi tí oòrùn ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àná ni mo kà á. Ogún ló ṣì jẹ́, ọ̀kan ò dín. Mo gbé e lé rúlà. Ọ̀níní mẹ́wàá. Mo tún un wọ̀n. Mẹ́wàá.

Mi ò lè wọn àpò tí ọkọ̀ òkun ti gbé lọ, Bàbá. Mi ò mọ iye tó fi fúyẹ́, mi ò sì ní purọ́ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú ara mi pé èkùrọ́ lè pé kó sì fúyẹ́, láìjẹ́ pé olè wọlé. Ohun tí ẹ sọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ sọ ọ́, ẹ ò tún un sọ mọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ló yẹ kó tún un wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀n yín, tí mo sì ti dájọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo ti kó ogún èkùrọ́ náà sínú agolo pẹ̀lú fìlà yín. Lẹ́tà yìí náà máa wọ ibẹ̀. Màá yọ́ àbẹ́là sí ẹnu rẹ̀ yíká, màá sì fi àtàǹpàkò tèmi tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti gbà yín gbọ́ báyìí, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín kó tó gbà yín gbọ́.